Ọ̀dà Funfun Lára Ògiri Ológbò

Ní ìlú kékeré yẹn, ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń ya àwòrán sára ògiri pín sí. Àwọn kan wà tí ìjọba ìbílẹ̀ fún níwèé àṣẹ: ọ̀sán gangan ni wọ́n ń gun àkàbà, èrò ọ̀nà á sì máa kí wọn kú iṣẹ́. Àwọn kejì ń fi ọ̀dà inú agolo fín tiwọn nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Bí wọ́n bá gbúròó ẹ̀ṣọ́, wọn á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ wáá wo iṣẹ́ Ọlọ́run, inú kan náà ni ọ̀kan nínú àwọn ti àkọ́kọ́ àti ọ̀kan nínú àwọn ti kejì ti jáde.

Obìnrin lẹ̀gbọ́n. Àǹtí Rólà ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí rólà tó fi ń kun ọ̀dà sára ògiri kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aláwàdà ní ó ń gbé e sùn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní Ológbò, nítorí pé kò sí ògiri tí kò lè gùn. Àǹtí Rólà fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, àmọ́ kò fẹ́ rí iṣẹ́ rẹ̀ sójú. Lọ́jọ́ kan ló là á mọ́lẹ̀ fún un: "Kí ló wà nínú kéèyàn máa kọ orúkọ gàdàgbà-gadagba sára ògiri ológiri? Ìbàjẹ́ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ológbò kò ti mẹ́nu ba iṣẹ́ rẹ̀ létí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n náà kò sì bèèrè. Bó bá rí ibi tí àwọn ọmọ yẹn fín nǹkan sí, á gbójú kúrò, á bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Ológbò já bọ́ láti orí òrùlé ilé ìkẹ́rùsí kan, kò sì dìde mọ́. Ẹ jẹ́ n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó wá kí ìyá wọn sọ ohun tí ẹnu wọn lè sọ. Ẹnì kan tiẹ̀ ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, bí ẹni pé agbè tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tún ń lọ sódò. Èèyàn á kàn máa sọ̀rọ̀ ṣá.

Ìyá kò gbọ́ tiwọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè lọ́wọ́ Àǹtí Rólà. "Wọ́n ní ọmọ mi ya nǹkan káàkiri ìlú. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí yìí ò jẹ́ kí n jáde, mi ò rí ọ̀kan rí. Bá mi wá ọ̀kan, kí o mú mi lọ, kí n fojú ara mi rí i kí èmi náà tó lọ."

Àǹtí Rólà wá a. Ìjọba ti fọ ti abẹ́ afárá. Wọ́n ti wó ògiri ilé ìwé. Ti ibùdókọ̀, pátákó ìpolówó ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó wá dà bí ẹni pé ọmọ náà ò gbé ìlú yẹn rí. Ó kúkú tọ jórinjórin kan lọ, ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ aṣáájú àwọn tó ń fín ògiri.

Jórinjórin ń jó irin fèrèsé lọ́wọ́. Ó bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí."

"Fi ọ̀kan tó kù nínú iṣẹ́ Ológbò hàn mí. Màmá fẹ́ rí i."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń bi mí? Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ti ògiri ilé ìránṣọ, èyí tó ṣe kẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ sì fi ọ̀dà bò ó."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ gbọ́ ná. Láàárín wa, bí ẹnì kan bá kú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà kan iṣẹ́ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Ẹbí ẹ̀ nìkan ló láṣẹ láti bò ó, bí ẹni ń da erùpẹ̀ bo òkú. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé rólà débẹ̀, a wà ní òdìkejì títì. Gbogbo wa la ṣí fìlà. A ní ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló wá sin ín."

"Ẹ ò sì lè pè mí?"

"Ta ló ń pe ẹni tó ń sin àbúrò ẹ̀, Àǹtí?"

Àǹtí Rólà fìdí lé òkìtì irin tó wà níbẹ̀. Ó ti rántí. Lẹ́yìn ikú Ológbò ni ilé ìránṣọ gbé iṣẹ́ ògiri náà fún un. Ó bá àwòrán kan níbẹ̀: obìnrin kan tó jókòó lórí àpótí, tó kẹ̀yìn sí títì, tó ń di irun ọmọbìnrin kan, ọmọkùnrin kékeré kan sì di òòyà mú fún wọn. Kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀, orúkọ gàdàgbà nìkan ni òun sì mọ̀ mọ́ Ológbò. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó wo ìka obìnrin yẹn bó ṣe ń la irun, ó sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Ẹni tó ṣe èyí mọ iṣẹ́." Lẹ́yìn náà ló ki rólà bọ ọ̀dà funfun. Òjò ń ṣú, ó sì fẹ́ kí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ gbẹ.

Ilé wọn mà ni ọmọ náà yà. Orí tirẹ̀ mà ni wọ́n ń dì.

"Ṣé a lè ha á?" ó bèèrè, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ mọ èsì. Ọ̀dà tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ ló máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀, ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Bí wọ́n bá ha á, tòkè tìsàlẹ̀ ni yóò ṣí.

Jórinjórin wolẹ̀. "Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń yà á. Mo lè tún un yà bó ṣe wà. Màmá ò ní mọ̀."

Ó wù ú. Ẹ má purọ́, ì bá wu ẹ̀yin náà. Ó tiẹ̀ ti lanu láti ní kó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kí wá ni ìyá rẹ̀ á máa fọwọ́ pa lára ògiri yẹn? Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. "Rárá," ó ní. "O ṣeun, àbúrò mi. Iṣẹ́ ọmọ ẹ̀ ló ní òun fẹ́ rí."

Nígbà tó délé, ìyá ti wọ bàtà, ó ti di ọ̀pá mú. "O rí i, àbí?"

Àǹtí Rólà di apá rẹ̀ mú. "Ẹ jẹ́ ká lọ, Màmá."

Ọkọ̀ gbé wọn débẹ̀. Àǹtí Rólà kò tíì ya nǹkan kan lé ìpìlẹ̀ náà: ògiri funfun láti òkè délẹ̀, kò sí àbàwọ́n kan. Iṣẹ́ tó mọ́ ni Àǹtí Rólà máa ń ṣe. Ìyá wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Èwo ni tọmọ mi níbẹ̀?"

"Abẹ́ ọ̀dà yìí ló wà. Èmi ni mo kùn ún. Mi ò mọ̀ pé òun ni, Màmá. Mi ò mọ iṣẹ́ àbúrò mi." Ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

Ìyá kò bú u. Ó sún mọ́ ògiri, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. "Kí ló yà?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ jókòó lórí àpótí, ẹ ń di irun mi. Òun ló di òòyà mú."

"Kì í gbà kí n gbé òòyà yẹn sílẹ̀, òun ló máa ń bá mi dì í mú," ni ìyá wí. "Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa, Màmá. Mo dúró wò ó. Mo tiẹ̀ ní ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́."

Ìyá yíjú sí i. "O sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló gbọ́?"

"Kò sẹ́ni," ni Àǹtí Rólà wí.