Ẹni Tó Jókòó sí Ibùdó Kẹrin

Adìẹ yé ẹyin sórí itan Garwin. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Adìẹ yẹn gun orí itan ẹ̀, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó, ó yé e, ó ké, ó sọ̀ kalẹ̀, Garwin ò mi ìka. Ìyá ẹ̀ mú ẹyin náà, ó sè é, ó bó o, ó fi bọ́ ọ. Ó jẹ ẹ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá ti fi sí i lẹ́nu, á jẹ ẹ́. Tí òjò bá sì ń rọ̀ lé e lórí, á kàn máa wo iwájú ni, bíi pé orí ẹlòmíì ni òjò ń pa.

Ọdún kan gbáko ló ti wà báyìí, látìgbà tí wọ́n ti gbé e bọ̀ níbi eré ìje orí òkè, ọlọ́gọ́rin kìlómítà. Ibùdó kẹrin, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń kọ nọ́mbà àwọn sárésáré sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ló ti ṣubú. Ará ìlú ìsàlẹ̀ làwọn tó gbé e, wọn ò mọ nǹkan kan. Lókè Benguet níbí, nílẹ̀ Philippines, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n: ibi yòówù kéèyàn jókòó sí nínú igbó, tó bá fẹ́ dìde, kó pe orúkọ ara ẹ̀, kó ní, "Ó yá, ká lọ, má jókòó síbí o." Tí kò bá pè é, ara á dìde, ọkàn á jókòó. Àwọn yẹn so Garwin mọ́ igi méjì bí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń lọ sọ́jà, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ gìrìgìrì, ẹnì kankan ò pè é.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Merlita, àbúrò ẹ̀ obìnrin, ti gòkè lọ pè é. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì Garwin tí wọn ò tíì fọ̀ dání, ó ta jíìnì sílẹ̀, ó pe orúkọ ẹ̀ títí ọ̀fun ẹ̀ fi ya. Tí ọkàn bá wọnú aṣọ, aṣọ á wúwo. Ṣẹ́ẹ̀tì ò wúwo. Àmọ́ níjọ́ kẹta, ó rí ibi tí koríko ti tẹ̀ rẹ́bẹ́tẹ́ bí ìdí èèyàn. Ó fọwọ́ kàn án. Ó gbóná.

Ó sáré dé ilé, kò wo ẹ̀yìn.

Bàbá Bugtong, àgbàlagbà tí ò léyín kan ṣoṣo lẹ́nu, ló là á fún wọn, ó ń fi èrìgì lọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀.

"Ẹ̀yin náà ẹ ronú," ó ní. "Garwin tí kì í sọdá títì tí mọ́tò kankan ò sí, àfi tó bá rí ibi tí wọ́n kùn ní funfun! Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa dìde láàárín eré, torí pé àbúrò ẹ̀ gbé ọtí wá? Ó ń dúró de akọ̀wé ni. Àfi kí wọ́n kọ nọ́mbà ẹ̀ sílẹ̀."

"Nọ́mbà wo, Bàbá? Ti èṣí ti kú," Merlita dá a lóhùn.

"Ẹ gba tuntun fún un nígbà náà."

"Ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ máa pa wá dànù," ìyá wọn wí. Ó ń wí bẹ́ẹ̀, ó ti tẹ̀ ba lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá bàtà eré Garwin.

Bí Merlita ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbára dì fún eré ọdún yẹn nìyẹn. Oṣù méjì ló fi ń pọn àpò kábéèjì sẹ́yìn, tó ń sáré gòkè sọ̀ kalẹ̀ lóko wọn. Àwọn ará àdúgbò ní orí ẹ̀ náà ti dàrú. Ọ̀kan béèrè pé ṣé kábéèjì yẹn ń sá fún ọlọ́pàá ni. Merlita ń sáré lọ. Orí òkè ló ń wò. Ìkùukùu jókòó síbẹ̀ lórí ibùdó kẹrin, oòrùn ì báà ràn tó ti ọ̀run àpáàdì, kò kúrò.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí eré bẹ̀rẹ̀, gbogbo sárésáré pé sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kí wọ́n lè gbọ́ òfin, kí wọ́n sì yẹ ẹrù wọn wò. Ọ̀gá Likigan, tó ni eré náà, ṣe bí olùkọ́ tí ìyàwó ẹ̀ ò fún lóúnjẹ. Ó fi fèrè kọ́ ọrùn. Ó ní ẹni tí ò bá ní fèrè, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ òjò àti omi, kó má wulẹ̀ wọ bàtà, kó máa lọ sílé. Ó ní tí aago méjì ọ̀sán bá lù tí èèyàn ò tíì dé ibùdó kẹrin, eré parí fún un, ì báà máa sunkún ẹ̀jẹ̀.

Ló bá kan Merlita.

"Ta ló ni báàgì kejì yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

"Òun náà dà?"

"Ó ti ṣíwájú."

"Ṣíwájú lọ síbo? Ọ̀la lẹ máa sáré!"

"Ilé ìgbẹ́, sà. Inú ló ń run ún."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Likigan fa ṣẹ́ẹ̀tì Garwin jáde nínú báàgì, ó gbóòórùn ẹ̀, ojú ẹ̀ yí.

"Inú nìkan kọ́ ló ń run ún o."

Síbẹ̀ ó fún un ní nọ́mbà méjì, 112 àti 113. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, kò bá a ṣeré mọ́.

"Gbọ́, ọmọ mi. Nọ́mbà tí mo bá ti kọ sínú ìwé yìí ti di sárésáré nìyẹn. Ó lè dé òpin. Ó lè fi eré sílẹ̀, ká fi àlùmọ́gàjí gé nọ́mbà ẹ̀. Kò sí ìkẹta. Mi ò fẹ́ kó sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ lókè yẹn."

"Kò ní sọnù, sà."

Wọ́n gbéra ní ìdájí. Mi ò ní fi ìrora ẹsẹ̀ Merlita dà yín láàmú. Èékánná méjì ló yọ. Ó bì lẹ́ẹ̀kan, ìrẹsì àná ni. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú ogún ló wọ ibùdó kẹrin, nínú ìkùukùu. Obìnrin kan tó dé fìlà òwú ló jókòó ti ìwé níbẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀pà. Anita lorúkọ ẹ̀.

Merlita ò mu omi. Ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì sórí àpáta, ó gbé nọ́mbà 113 lé e láyà, ó ta jíìnì sílẹ̀.

"Bọ̀dá Garwin, ó yá, ká lọ. Má jókòó síbí mọ́. Màmá ti se oúnjẹ."

Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wúwo! Ó wúwo bí ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Merlita bú sẹ́kún, ó gbá a mọ́ra. Ọ̀nà kúkúrú kan wà níbẹ̀ tó já sílé wọn, ó sì fẹ́ gba ibẹ̀ kíá. Ó sáré bá Anita.

"Àǹtí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé 113 ti dé. Mo fẹ́ fi eré sílẹ̀, ẹ bá mi gé tèmi."

Anita kọ ọ́. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé 112 sí méjì. Bó ṣe gbé àlùmọ́gàjí kúrò lórí bébà báyìí, ṣẹ́ẹ̀tì fúyẹ́. Ó fúyẹ́ débi pé atẹ́gùn gbé apá ẹ̀ méjèèjì sókè. Nọ́mbà 113 ò sí láyà ẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ lágbára o," Anita wí, ó ń kọ̀wé lọ. "Kò tiẹ̀ mu omi."

"Ẹ rí i?"

"Ṣé mo fọ́jú ni? Wo ojú ẹsẹ̀ ẹ̀."

Lóòótọ́, ojú ẹsẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, ojú ẹsẹ̀ tuntun, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun sínú ẹ̀. Kò dorí kọ ilé. Ó dorí kọ ibùdó karùn-ún.

Ìgbà yẹn ni Merlita mọ ohun tí wọ́n ti ṣe. Ọkàn tó jókòó jẹ́jẹ́ ni wọ́n lọ fún ní nọ́mbà. Wọ́n ti sọ ọ́ di sárésáré, Garwin ò sì fi eré sílẹ̀ rí láyé ẹ̀.

Fóònù ẹ̀ dún.

"Merlita! Ó ti dìde!" Ìyá wọn ń pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó dìde, ó ń sáré!"

"Ó ń sáré lọ síbo, Màmá?"

"Kò lọ síbì kankan! Ojú kan ló wà, níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ti tàdí lu àga. Òógùn bò ó!"

Merlita gbọ́ mímí ẹ̀ nínú fóònù, hùn, hùn, mímí ẹni tó ń pọ́n òkè. Kìlómítà mọ́kàndínlógójì ló kù. Ẹsẹ̀ tó sì ń sáré ọ̀hún nílé, ọdún kan ni kò ti gbé ara ẹ̀. Ó ti di òwú.

Ó kọrí sí ọ̀nà ibùdó karùn-ún, Anita na okùn dí i.

"Níbo? Ẹni tí mo ti gé nọ́mbà ẹ̀ kì í kọjá okùn yìí."

"Merlita," ìyá wọn tún ń pè nínú fóònù, ẹ̀rín ti tán lóhùn ẹ̀. "Ètè ẹ̀ ti funfun. Ó fẹ́ ṣubú. Jẹ́ n fún un lómi."

Merlita rántí. Òfin eré kan wà, Garwin ló máa ń kà á sí gbogbo ilé létí: sárésáré ò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láàárín ibùdó méjì. Ẹni tó bá gbà á, kó jókòó síbi tó wà, kó máa retí ẹni tó máa wá gbé e.

"Màmá, ẹ má fún un! Ẹ dì í mú lásán ni! Màmá!"

"Ó ti mu ún," ìyá wọn wí. "Ó mu ún tán, ọmọ mi."

Mímí yẹn dáwọ́ dúró.

"Ó ti jókòó. Sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Merlita, kò wò mí mọ́."

Ọkàn ẹ̀ náà ti jókòó nìyẹn, ibi tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Merlita yíjú sí Anita. "Kí ló wà láàárín ibí àti ibùdó karùn-ún?"

"Igbó. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mẹ́ta. Odò kan tí wọn ò sọ lórúkọ. Kí ló dé?"

Merlita ká ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi há abíyá, ó bẹ̀rẹ̀, ó gba abẹ́ okùn kọjá.

"Ìwọ!" Anita ń fọn fèrè lẹ́yìn ẹ̀. "Ìwọ tí ò ní nọ́mbà! Tó o bá sọnù, ta ni kí n kọ sílẹ̀?"

Ó tẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ inú ẹrẹ̀ yẹn wọnú igbó. Ó tẹ̀ lé e títí tí ẹrẹ̀ fi parí, tí ilẹ̀ di àpáta. Ojú ẹsẹ̀ kankan ò hàn mọ́. Ìkùukùu bolẹ̀ dé orúnkún ẹ̀, kò gbọ́ fèrè mọ́.

"Bọ̀dá Garwin!" ó pè é.

"Mo wà níbí," ohùn Garwin dáhùn lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Mo wà níbí," wọ́n dáhùn lọ́wọ́ òsì, ohùn kan náà.

Ẹ̀kẹta dáhùn lábẹ́ àpáta tó dúró lé.