Abọ́ Tó Kù Nínú Fírísà

Láti òwúrọ̀ ni ìjì náà ti ń jà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti wó ọgbà onípákó tó wà lẹ́yìn ilé Akínwándé ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti ṣí òrùlé ahéré aládùúgbò, ó sì gbé e jù sínú adágún. Akínwándé dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó. Ìgbà tí iná lọ ni ojú rẹ̀ tó yí padà. Fírísà ló sáré lọ bá, ó gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń yẹ ara ọmọ tó ní ibà wò.

Abọ́ áísìkiriìmù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Idiat, ìyàwó rẹ̀, ló fi í síbẹ̀ kó tó kú. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Idiat ń ṣe. Tó bá ti ráyè sinmi, á se ọbẹ̀ rẹpẹtẹ, á bù ú sínú àwọn abọ́ áísìkiriìmù, á tò wọ́n sínú fírísà, kí ebi má bàa pa baba àti ọmọ nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ń gbé wọn jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò tiẹ̀ ro ohun tí wọ́n ń jẹ lọ. Àfi ìgbà tó ku ẹyọ kan. Akínwándé ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà náà, oúnjẹ tí wọ́n ń tà ní Woolwich ni wọ́n ń jẹ.

Ayọ̀nitèmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní òun kà á lórí fóònù pé ó lè di ọjọ́ kejì kí iná tó dé. Baba rẹ̀ ní wọ́n máa mú un wá láìpẹ́. Èkó ló dàgbà sí, bí wọ́n ṣe ń retí iná kò ṣàjèjì sí i. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Á ṣí fírísà, á tẹ abọ́ náà wò, á pa á dé, á tún padà wá.

“Daddy, gbogbo ìgbà tó o bá ṣí i, òtútù ẹ̀ ló ń jáde,” ni Ayọ̀nitèmi wí. “Ó ti ń yọ́. Jẹ́ ká jẹ ẹ́.”

Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń bá a wí pé èèyàn kì í sọ̀rọ̀ sí bàbá ẹni báyẹn.

“Tá a bá jẹ ẹ́ tán ńkọ́?” ni Akínwándé bi í.

Ọmọ náà pa fírísà dé.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Sọ̀fíyátù kanlẹ̀kùn. Ilé òdìkejì ló ń gbé, òun àti Idiat ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó gbé sítóòfù gáàsì kékeré kan dání, èyí tí Akínwándé fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí Sọ̀fíyátù kọ́kọ́ rà á.

“Uncle, ẹ ní ibí kì í ṣe Mushin,” ló wí. “Mushin ti bá wa débí o.”

Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ abọ́ náà, ó ní kí àwọn gbé e kaná kó má bàa kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé tí kò bá síná. Tí iná bá dé, kí wọ́n dá a padà. Ọkàn Akínwándé wálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ náà wá, tó ṣí ìdérí rẹ̀. Sọ̀fíyátù tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó fi ṣíbí rò ó, ó sì gbóòórùn rẹ̀.

“Uncle, èyí kì í ṣe ọbẹ̀. Ata ni.”

Ata lásán ni lóòótọ́: tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà tí Idiat lọ̀, tó sì bọ̀ kí omi rẹ̀ lè gbẹ. Kò sí epo níbẹ̀, kò sí iyọ̀, kò sí ẹran. Idiat fi í sílẹ̀ pé òun ń padà bọ̀ wá dín in ni.

Akínwándé jókòó. Omijé tí kò dà lójú rẹ̀ létí sàréè dà wàyí. Sọ̀fíyátù fẹ́ dé abọ́ náà padà, ṣùgbọ́n Ayọ̀nitèmi ti dìde. Ó gbé òróró wá, ó mú iyọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ àlùbọ́sà nínú òkùnkùn.

“Ṣé kí n da ata sí i báyìí?” ló bèèrè, nígbà tí àlùbọ́sà ti ń pọ́n.

Sọ̀fíyátù fẹ́ dáhùn, àmọ́ Akínwándé ló sọ̀rọ̀.

“Ní sùúrù. Mummy ẹ máa ń jẹ́ kí òróró gbóná dáadáa.”

Búrẹ́dì ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, síbẹ̀ wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ. Wọn ò tíì jẹun tán tí iná fi dé, fírísà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí. Kò sẹ́ni tó dìde lọ tì í.