Àgbàdo Orí Òrùlé Bàbá Hermilo

Eufrosina ti àgbàdo irúgbìn bàbá rẹ̀ láti orí òrùlé sílẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lójú gbogbo àdúgbò.

Kì í ṣe pé inú ń bí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni Popocatépetl, òkè ayọnáyèéfín tí wọ́n ń pè ní Don Goyo bí ẹni ń pe àgbà ilé, ti ń tú eérú lé wọn lórí. Eufrosina ni ìgbìmọ̀ ààbò abúlé fi ṣe olórí òpópónà wọn, ogójì ilé láti ṣọ́ọ̀ṣì dé etí àfonífojì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó sọ: kí kálukú gbá òrùlé rẹ̀ kí òjò tó dé. Eérú gbígbẹ ṣeé gbà mọ́ra. Tí omi bá kàn án, á wúwo, á sì ṣẹ́ igi àjà.

Ṣùgbọ́n ìkórè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, orí òrùlé pẹrẹsẹ ni wọ́n sì ń sá àgbàdo sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kó o wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin náà nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òjò kò rọ̀, wọ́n tún kó o gòkè. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n kàn ta tapólì bò ó, eérú sì ń ga lórí tapólì.

Obdulia tó ń gbé lódìkejì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Olórí wa, o kú iṣẹ́ o. Ṣé òjò ti ránṣẹ́ sí ẹ lónìí?”

“Obdulia, jọ̀ọ́, kó àgbàdo ẹ wálẹ̀.”

“Wo òrùlé bàbá ẹ. Ọjọ́ tí tiwọn bá sọ̀kalẹ̀, tèmi á tẹ̀lé e. O ò lè bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀, àwa lo wá ń pàṣẹ fún.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ láti ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn.

Eufrosina gun àkàbà bàbá rẹ̀. Hermilo jókòó ti àgbàdo búlúù rẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gba irúgbìn náà, ọdọọdún ló sì ń ṣa á ní ṣíírí kọ̀ọ̀kan.

“Bàbá, mo bẹ̀ yín. Ojú ọ̀run ti ṣú.”

“Oṣù Kejìlá la wà. Òjò wo? Àgbàdo yìí ṣì tutù nínú. Tó bá wọlé, á bu.”

“Igi àjà yín ti ń dún.”

“Kó dún. Orúnkún tèmi náà ń dún.”

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí Eufrosina lọ́rùn. Ó wo ìsàlẹ̀. Gbogbo òpópónà ló gbójú sókè, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà. Tó bá ní kó fi apẹ̀rẹ̀ kó o, apẹ̀rẹ̀ méjì ló máa lè kó kí òjò tó dé. Ó ki ṣọ́bìrì bọ abẹ́ òkìtì náà, ó sì tì í. Eérú, tapólì, àgbàdo, gbogbo rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ gbì.

Bàbá rẹ̀ dì í ní apá aṣọ mú. “Irúgbìn ìyá mi nìyẹn!”

“Mo mọ̀, Bàbá.” Kò dáwọ́ dúró.

Nísàlẹ̀, Obdulia dìde, ó kígbe pe àwọn ọmọ rẹ̀, ilé kejì náà gbé àkàbà. Nígbà tí òjò fi le, ìwọ̀nba eérú díẹ̀ ló kù lórí òrùlé wọn. Ní òpópónà kejì ilé mẹ́ta wó, àjà sì já lu obìnrin kan, ó kán an lẹ́sẹ̀. Ní tiwọn, kò sí èyí tó wó.

Àgbàrá gbé àgbàdo búlúù lọ sí àfonífojì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Eufrosina rí ṣíírí mọ́kàndínlógún he, gbogbo wọn ti wú. Ó tò wọ́n sórí tábìlì bàbá rẹ̀. Bàbá náà kò wò wọ́n.

Nígbà tí àsìkò ìgbìn tó, Obdulia gbé irúgbìn wá fún un.

“Ẹ gbìn ín, Bàbá. Búlúù náà ni.”

“Búlúù tìẹ nìyẹn,” ló sọ, ó sì dá a padà.

Lọ́dún náà, Hermilo kò gbin nǹkan kan, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó yá ẹlòmíràn ní oko rẹ̀ kó máa fi da àgùntàn, òun fúnra rẹ̀ sì ń ra tortilla funfun, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àgbàdo funfun ṣe, jẹ lójú títì.