Àpótí Tí Alágbàtà Ń Kó Sọ̀kalẹ̀

Ẹni tó bá ń tún lífìtì ṣe kì í pẹ́ di ẹni tí àwọn èèyàn kì í rí mọ́. Ó lè kúnlẹ̀ sí igun kan pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, kí ọ̀gá méjì wọlé, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí wọn ò lè sọ níwájú ìyàwó wọn, kí wọ́n sì jáde láì kí i. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí fún ọkùnrin tí gbogbo ilé alájà mẹ́sàn-án náà ń pè ní Bàbá Lífìtì. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń tọ́jú lífìtì méjèèjì, ó mọ ìró wọn bí abiyamọ ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀. Etí rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ tún mú ju etí lọ. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí ìfura bá jẹ́ iṣẹ́ oṣù, ọkọ òun ì bá ti di ọ̀gá àgbà.

Àjà kẹfà ni ọ́fíìsì alágbàtà wà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ń bá àwọn èèyàn ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ó sì ń bá wọn tà á tí wọ́n bá fẹ́ owó wọn padà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, onígíláàsì, tí kì í gbé ohùn sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ni Bàbá Lífìtì ti ra ìpín ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì kan. Owó tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ fún un nígbà tí wọ́n dá a dúró, tó ti ń fi pamọ́ láti ìgbà náà, ló fi rà á, gbogbo rẹ̀ pátá. Ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, ra tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Odindi ọdún mẹ́rin ni ìpín náà fi ń gòkè díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ibo ló ń lọ.

Àfi bí ayé ṣe yí bírí. Ogun ń jà níbì kan tó jìnnà, epo mọ́tò gbówó lórí, owó tó wà lápò èèyàn ń yọ́ bí iyọ̀ tómi kàn. Lójoojúmọ́ ni fóònù ń gbé ìròyìn méjì wá tó ń ta ko ara wọn: láàárọ̀ wọ́n á ní kí èèyàn rà, nírọ̀lẹ́ wọ́n á ní kó yáa tà. Ojú àwọn tó ń wọ lífìtì lọ sí àjà kẹfà yí padà. Tẹ́lẹ̀, àwàdà ni wọ́n fi ń gòkè. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì, bí ẹni pé lífìtì á tìtorí ìyẹn sáré.

Lọ́jọ́rú kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, Bàbá Lífìtì wà nínú lífìtì kejì, ó ń fi òróró sójú ilẹ̀kùn rẹ̀. Alágbàtà fúnra rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ ẹrù wọlé. Àpótí páálí méje ló wà lórí kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n sì fi téèpù dì wọ́n lẹ́nu pinpin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ẹ ṣeun o, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ n bá yín tì í."

"Rárá, rárá! Ẹ fi sílẹ̀." Ó sọ ọ́ kíákíá jù. Ó wá gbójú sókè. "Ẹ gbọ́ ná, ṣé kámẹ́rà yìí ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ti kú láti oṣù tó kọjá."

"Ó dáa," ni alágbàtà wí.

Fóònù rẹ̀ dún kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti jáde kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Mo ní kí oníbàárà kankan má gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́, a ti wọ gàù."

A ti wọ gàù! Òróró kán sí ṣòkòtò Bàbá Lífìtì, kò tiẹ̀ mọ̀.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ń fi bírò pupa máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé lórí tábìlì. Àbúrò ìyàwó náà wà níbẹ̀. Bíríkìlà ni, ó máa ń yà sọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn iṣẹ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọn yanrìn kúrò nínú bàtà.

"Tíṣà," ni Bàbá Lífìtì wí, "ọkùnrin yẹn fẹ́ sá lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ojú ara mi ni mo fi rí i. Àpótí méje!"

"Àpótí lẹ rí, Bàbá Ìbejì. Ẹ ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Ẹni tí kò jalè kì í béèrè bóyá kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀yin náà máa ń bi mí bóyá mo ti sùn. Ṣé ẹran inú ìkòkò lẹ máa ń fẹ́ jí ni?"

Àbúrò ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Lífìtì ò rẹ́rìn-ín, torí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

"Ìpín wa ò sí nínú àpótí," ni ìyàwó rẹ̀ tún sọ. "Orúkọ wa ló wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì. Bí alágbàtà bá tiẹ̀ fò lọ sánmà, ìyẹn ò ní kó orúkọ wa lọ."

"Ìwé! Ta ló ń kọ ìwé ọ̀hún? Ìfura loògùn àgbà. Àjà ò fura, àjà jìn."

"Ìfura loògùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo oògùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣe é."

Lọ́jọ́ kejì, ó gun lífìtì ara rẹ̀ lọ sí àjà kẹfà. Àga kan ṣoṣo ló kù fún àlejò nínú ọ́fíìsì náà. Lára ògiri, ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ìyókù lọ. Bàbá Lífìtì wo ojú funfun yẹn, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé: o ò purọ́.

"Mo fẹ́ ta gbogbo ìpín mi."

Alágbàtà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Bàbá, iye tó wà lórí rẹ̀ báyìí ò dáa. Ìdámẹ́rin owó yín ti lọ, ṣùgbọ́n lórí ìwé ni ṣá. Tí ẹ bá tà á lónìí, ó ti kúrò lórí ìwé nìyẹn, ó ti di òótọ́."

"Ẹ bá mi tà á."

"Ilé-iṣẹ́ yẹn ṣì ń po símẹ́ńtì, àwọn èèyàn ṣì ń kọ́lé. Ẹ̀rù ló ń ta ọjà yìí, kì í ṣe làákàyè. Ẹ ní sùúrù títí di ìparí ọdún."

Bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ni ara túbọ̀ ń fu Bàbá Lífìtì. Kí ló kan alágbàtà nínú bóun bá tà? Bó bá jẹ́ pé ó ń yá alágbàtà lórí láti tà á, òun ì bá fura pé ó fẹ́ jẹ lára rẹ̀. Bó sì tún ṣe ń dá òun dúró yìí, òun ń fura pé owó ò sí nílẹ̀ mọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà lè sọ tí kò ní gbé e dé ibì kan náà. Ó fọwọ́ síwèé, ó jáde.

Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, owó ìpín tó tà wọ báńkì, kò dín ní eépìnnì kan. Ó yẹ kí ìyẹn fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni pé, "Ṣó o rí i? Ó yára sanwó kí n má bàa pariwo."

Àbúrò ìyàwó, ní tirẹ̀, kò ní ìpín kankan, ṣùgbọ́n ó lẹ́nu. Ó sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, àwọn yẹn sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Lífìtì wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ nínú lífìtì pé, "Ogún àpótí ló kó jáde lóru, owó beba ló kún inú wọn fọ́fọ́. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé yìí ló fojú ara rẹ̀ rí i."

Bàbá Lífìtì gbé sípánà sílẹ̀. Ogún! Òun méje péré lòun rí! Ó sáré pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù pé ẹ̀rí ti dé láti ẹnu àjèjì. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé ọ̀rọ̀ òun ló rìn yí ìlú ká, tó sanra lọ́nà, tó sì padà wá kí òun.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni lífìtì ń kún. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, olúkúlùkù ti ta tirẹ̀.

Ohun tó wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá kò bá àpótí tan rárá. Lẹ́yìn oṣù kan, odò kan ya wọ inú kòtò tí ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì ti ń wa òkúta. Omi bo ẹ̀rọ wọn mọ́lẹ̀, iṣẹ́ dúró, iye ìpín wọn já wálẹ̀ títí ó fi ku ìdámẹ́ta. Kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń nu ojú lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ odò? Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé Bàbá Lífìtì ti mọ̀. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra mínírà fún un. Àwọn kan ń wọ lífìtì láì ní ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n kàn fẹ́ bi í léèrè.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, mo kàn fura ni." Ní ọjọ́ kẹta, ó ní, "Èèyàn máa ń mọ̀ ọ́n lára." Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti dá a lójú pé òun rí odò náà tó ń bọ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tí kò ta tirẹ̀, ò sunkún. "Odò á fà," ló sọ, ó tẹjú mọ́ ìwé àwọn ọmọ iléèwé.

Ọjọ́ tí alágbàtà fẹ́ kúrò pátápátá ni lífìtì kejì há sáàárín àjà kẹta àti ìkẹrin. Bàbá Lífìtì fi irin la ilẹ̀kùn àjà kẹrin, ó dọ̀bálẹ̀, ó yọjú wo ìsàlẹ̀. Alágbàtà ló wà nínú rẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú àpótí kan.

"Ẹ fara balẹ̀, ọ̀gá. Mọ́tò tó ń fa lífìtì ló gbóná. Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ."

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni?" Alágbàtà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ pé mo fẹ́ sá lọ."

Kàkà kí Bàbá Lífìtì dáhùn, ohun tó bi í ni, "Kí ló wà nínú àpótí yẹn?"

Alágbàtà fa téèpù ya, ó gbé àpótí náà sókè dé ibi tí àlàfo ilẹ̀kùn wà. Ìwé ni, fáìlì àtijọ́ tí etí wọn ti ká. Kódà nígbà yẹn, ojú Bàbá Lífìtì ṣì ń wá ohun tó lè wà lábẹ́ wọn.

"Ìyàwó mi ò gbádùn," ni alágbàtà wí. "Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ là ń lọ sílé ìwòsàn, apá mi ò wá ká owó ilé àjà kẹfà mọ́. Mo gba yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oní-fótókọ́pì."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Kí n sọ kí ni? Bí oníbàárà bá gbọ́ pé alágbàtà ń kó lọ sí yàrá kékeré, ṣé wọ́n á ní ó ń tọ́jú ìyàwó ni? Wọ́n á ní ó ti jẹ owó wọn. Ojú sì ń tì mí, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi tí mò ń ti ẹrù bí alábàárù." Ó gbé àpótí náà sílẹ̀. "Èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló kó owó wọn lọ, mo sì san án fún gbogbo wọn. Mẹ́sàn-án ló ṣẹ́kù. Ìyàwó yín wà nínú wọn."

Nígbà tí mọ́tò tutù, Bàbá Lífìtì gbé e dé ìsàlẹ̀. Kò lè wò ó lójú.

Ní Sátidé, àbúrò ìyàwó kó èèyàn mọ́kànlá wá sí pálọ̀ Bàbá Lífìtì. Àwọn kan jókòó lórí apá àga, àwọn kan dúró ti ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa ti ṣetán," ló wí. "Ẹ ṣáà ti sọ ìpín tó yẹ ká rà."

"Mi ò mọ nǹkan kan," ni Bàbá Lífìtì dáhùn. "Àpótí ìwé ni mo rí, mo pè é ní owó. Odò ló ya, kì í ṣe èmi ni mo ní kó ya. Mo fura sí ọkùnrin yẹn láìnídìí, mo sì ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́."

Obìnrin onídìrí kan kọ́kọ́ wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún wo Bàbá Lífìtì. "Ẹ wò ó bó ṣe ń gbọ̀n ọ́n nù. Ó ti rí nǹkan ńlá."

"Mo ní mi ò rí nǹkan kan!"

"Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá rí i ṣe máa ń sọ."

Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò ìyàwó ló kẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, àwa náà ni ẹ wá ń fi pamọ́ fún? Ó dáa bẹ́ẹ̀." Oṣù méjì gbáko ni kò fi ya ọ̀dọ̀ wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Lífìtì àti ìyàwó rẹ̀ lọ bá alágbàtà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn fáìlì kún ibẹ̀ dé àjà, ẹ̀rọ fótókọ́pì ń dún lẹ́yìn ògiri. Bàbá Lífìtì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó lè bí. Alágbàtà sáré gbé e dìde, ó ní ó ti tán. Ìdajì owó tó gbà lórí ìpín rẹ̀ ni Bàbá Lífìtì ní kó bá òun fi ra ìpín padà. Ìyàwó rẹ̀ ló gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ìdajì tó kù sílẹ̀ ní báńkì, torí pé àforíjì kì í ṣe ìṣirò, iye owó kọ́ ló ń mú un pé.

Alágbàtà mú ìwé jáde. Ó ní kó fọwọ́ sí i, ó ní kó tún fọwọ́ sí òmíràn, ó wá lọ pe oní-fótókọ́pì kó wá ṣẹlẹ́rìí. Tẹ́lẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́. "Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n jáde sí òpópónà, ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Ní báyìí, ṣé ẹ ti gbà á gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́. Òun ni kò gbà mí gbọ́ mọ́."