Lẹ́tà Haripada Dhar

Ọdún mọ́kànlá ni Bibhas Nandi fi ń kọ ìtàn ìrìn-àjò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan ní Kolkata, ọdún mọ́kànlá náà ni wọ́n sì fi ń dá a padà fún un. Tíṣà ni ní Chandannagar kó tó fẹ̀yìntì, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti odò ló fi ń kọ́ ọmọ. Kò sí òkè tí kò mọ bó ṣe ga tó. Bó bá ti ń rìn ló ń kọ̀wé, tó dorí kodò bí adìẹ tó ń ṣa ọkà.

Tarapada Kundu, tó ń tún aago ṣe létí odò, ni wọ́n jọ máa ń lọ. Tarapada ní tirẹ̀ kì í kọ nǹkan kan. Òun ló ń gbé kẹ́tùlù, òun ló ń wá ibi tí wọn yóò sùn sí.

Àfi bí ọdún òrìṣà Durga ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀ tí àkànṣe ìwé ìròyìn náà jáde, tí Tarapada gbé e wá sílé Bibhas, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́ta. Ẹ má bínú pé mi ò sọ fún yín. Mo rò pé wọ́n á dà á nù ni."

Ojú ìwé márùn-ún gbáko, pẹ̀lú àwòrán. Orúkọ Tarapada Kundu wà lókè gàdàgbà. Ìrìn-àjò tí àwọn méjèèjì jọ lọ sí abúlé Rupling, lórí òkè Kinnaur, ló kọ.

"Ó dára," ni Bibhas wí. "Ó dára gan-an."

Sulata, ìyàwó rẹ̀, gbé ohun dídùn jáde fún àlejò. "Àbúrò ọkọ mi, o ti di òǹkọ̀wé mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹnì kan wà nílé yìí tó ti ń kọ tipẹ́, tiẹ̀ ò tíì jáde." Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n ó gún ọkọ rẹ̀ bí ẹ̀gún.

Nígbà tí Tarapada lọ tán, Bibhas ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àṣìṣe ló ń wá. Ohun tó kọ́kọ́ rí dùn ún ju àṣìṣe lọ. Tarapada kọ nípa ìyá arúgbó tó gbà wọ́n sílé, pé ọkọ rẹ̀ da àgùntàn sọ̀kalẹ̀ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, kò sì padà mọ́, àti pé láràárọ̀ ni ìyá náà ṣì ń bu tíì sí ife méjì. Òru mẹ́ta ni Bibhas sùn nínú ilé yẹn. Ogójì ojú ìwé ló kọ níbẹ̀. Kò rí ife kejì. Ó tún wá kan ibi tí ìyá náà ti bi Tarapada léèrè pé, "Kí ni ọ̀rẹ́ rẹ ń kọ tí kò lè gbójú sókè?"

Lọ́jọ́ kejì, ní ìsọ̀ tíì, ńṣe ni àwọn àgbà àdúgbò ń gba ìwé náà lọ́wọ́ ara wọn. "Tíṣà," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "alátùn-ún-ṣe aago ló kọ ọ́ jáde o. Àbí ẹ̀yin lẹ gbé kẹ́tùlù lọ́tẹ̀ yìí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bibhas náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló fi rẹ́rìn-ín náà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló rí àṣìṣe. Ìtàn náà sọ pé afárá irin ni wọ́n gbà wọ Rupling. Afárá pákó ni. Lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé ni àgbàrá gbé e lọ, tí ìjọba wá fi tirin rọ́pò. Bibhas mú gègé, ó kọ̀wé sí olóòtú. Ó ní pákó mẹ́rìnlá ni afárá náà ní, pé èkeje ti ṣẹ́, aṣọ pupa ni wọ́n fi dì í. "Ẹni tí kò mọ ohun tí òun tẹ̀ mọ́lẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí rẹ̀, "kò yẹ kó máa júwe ọ̀nà fún ẹlòmíràn." Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Haripada Dhar ló kọ, ó sì lo àdírẹ́sì àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Shantipur.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ lẹ́tà náà jáde. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni Bibhas ti rà á, òòró ló sì dúró kà á. Wọn ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Inú rẹ̀ dùn títí ojú rẹ̀ fi dé ìsàlẹ̀, tó kan orúkọ ẹni tí kò sí láyé. Ta ni yóò fi hàn?

Nírọ̀lẹ́, Tarapada dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí lẹ́tà Haripada Dhar?"

"Mo rí i. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà le díẹ̀."

"Ó le, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Pákó ni èmi náà kọ. Àwọn ló yí i sí irin, torí irin ló wà nínú àwòrán tí wọ́n rí lò." Tarapada bẹ̀rẹ̀ sí í nu awò ojú rẹ̀. "Aṣọ pupa yẹn ló yà mí lẹ́nu. Èmi ni mo ṣẹ́ pákó yẹn nígbà tí à ń lọ. Ẹ ti ṣíwájú, ẹ̀ ń kọ̀wé. Ìborùn mi ni mo ya tí mo fi dì í. Ìgbà tí à ń bọ̀ lẹ tó rí i."

Bibhas ti ìwé ìròyìn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìlara ni, Tarapada. Mi ò ní pè é lórúkọ mìíràn."

"Ẹ ò bá ti bú mi lójúkojú. Ọdún mélòó la ti jọ ń sùn nínú àgọ́ kan?" Tarapada dìde, kò fẹnu kan tíì tí Sulata gbé wá. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò yà síbẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni àbúrò Bibhas mú lẹ́tà kan wá láti Shantipur. Olóòtú ló kọ ọ́ sí Haripada Dhar. Ó ní ojú rẹ̀ mú, kó jọ̀ọ́ kọ ojú ìwé méjì nípa afárá náà ránṣẹ́. Olóòtú kan náà tó ti ń dá ti Bibhas padà láti ọdún mọ́kànlá! Bibhas jókòó, ó di lẹ́tà náà mú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wá ń jowú Haripada Dhar.

Ó gbé e lọ sí ìsọ̀ Tarapada. Tarapada kà á, ó fẹ́ máa bínú lọ, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ni kẹ́ ẹ fi sí i."

"Wọ́n á dá a padà."

"Kí wọ́n dá a padà. Ṣé a ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?"

Bibhas fa àga, ó jókòó. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ lórí pákó yẹn?" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń rìn, kò bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Tarapada sọ bí ẹsẹ̀ òun ṣe já sínú àlàfo, bí odò ṣe ń hó nísàlẹ̀, bí òun ṣe pe Ẹ̀gbọ́n tí Ẹ̀gbọ́n kò gbọ́. Bibhas kò mú gègé dání. Ó ń gbọ́ ni.

Ó kọ ọ́, ó fi orúkọ rẹ̀ sí i, ó sì jẹ́wọ́ fún olóòtú pé òun ni Haripada Dhar. Nígbà òtútù, ìtàn náà jáde. Tarapada ra ẹ̀dà mẹ́fà, ó pín in ní ìsọ̀ tíì, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ni ẹni tó jábọ́ níbẹ̀. Bibhas rìn délé bí ọkọ ìyàwó.

Ó tẹ́ ìwé ìròyìn méjèèjì síwájú ara wọn lórí tábìlì. Ti Tarapada, ojú ìwé márùn-ún. Tirẹ̀, méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó òtẹ́ẹ̀lì.

"Wọ́n fi àwòrán sí ti Tarapada," ó sọ fún Sulata.

"Ìrẹsì rẹ ń tutù."

Ó jẹ ìrẹsì náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì wà lórí ojú ìwé, ó ń ka iye ìlà.