Ẹyẹ Kejì Lẹ́nu Ihò Igi

Lọ́jọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí ìwé ìwádìí Alátojúbọ̀, ọmọbìnrin náà fò sókè nínú ọ́fíìsì bàbá náà débi pé díẹ̀ ló kù kó forí kọ́ iná tó rọ̀ lókè. Ọdún kejì rẹ̀ rèé ní yunifásítì òkè òkun, níbi tí òtútù ti ń já etí ènìyàn bí ajá. Àwọn ará ilé wọn ló sọ ọ́ ní Alátojúbọ̀, torí láti kékeré ni kì í rí ihò kó má yọjú wò ó. Ní báyìí, yunifásítì fẹ́ rán an lọ sí orílẹ̀-èdè olóoru kan, kó lọ yọjú wo ihò igi fún oṣù mẹ́ta gbáko.

"Ìwọ nìkan ni wàá lọ o," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ìbéèrè tìẹ, iṣẹ́ tìẹ. Tóo bá ṣìnà, ìwọ náà ni wàá wá ọ̀nà."

Ìbéèrè rẹ̀ dá lórí irú atíòro ńlá kan, ẹyẹ tó ní ìwo lórí. Bí abo ẹyẹ yìí bá fẹ́ yé ẹyin, á wọ inú ihò igi, á fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò náà mọ́ ara rẹ̀, á wá ku ojú tóóró kan ṣoṣo. Ojú tóóró yìí ni ọkọ rẹ̀ ń gbà fi oúnjẹ sí i lẹ́nu títí ọmọ á fi dàgbà. Alátojúbọ̀ fẹ́ mọ iye ìgbà tí ọkọ ń wá lóòjọ́, àti ohun tó ń gbé bọ̀.

"Dúró ná, jẹ́ kó yé mi," ni ìyá rẹ̀ wí lórí fóònù. "O kúrò níbi ooru, o lọ kàwé níbi òtútù. Ẹni tó ń kọ́ ẹ níbi òtútù wá ní kóo padà síbi ooru lọ wo ẹyẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Àwọn ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé wa ńkọ́? Kí ni wọ́n ṣe fún un yín?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Máa lọ, ọmọ mi. Ayọ̀ ni wàá bá bọ̀."

Yàrá tó wọ̀ sí ní orílẹ̀-èdè olóoru náà wà lẹ́yìn ilé obìnrin ọlọ́yàyà kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Aránṣọ. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, àti tábìlì kan tó ń mì bí èyí tí ibà ń ṣe. Alátojúbọ̀ ti fi oṣù mẹ́fà kọ́ èdè ibẹ̀, síbẹ̀ nígbà tó fẹ́ sọ pé òun ti yó lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó ní òun ti lóyún.

Ìyá Aránṣọ pariwo. "Láàárọ̀ yìí kọ́ lo dé ni? Ta ni bàbá ọmọ?"

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Ìyá Aránṣọ ló mú un mọ ẹ̀gbọ́n òun, Bàbá Lagilagi, tó fi ogójì ọdún gé igi kí orúnkún rẹ̀ tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Kò sí igi tí bàbá yìí kò mọ̀ nínú igbó yẹn. Òun ló mú Alátojúbọ̀ rin ìrìn wákàtí kan dé ìdí igi tí atíòro wà, tó sì bá a fi aṣọ aláwọ̀ ewé ta àtíbàbà kékeré kan tí yóò máa fara pamọ́ sí.

Aago mẹ́fà àárọ̀ dé aago méjì ọ̀sán ló ń lò níbẹ̀ lójoojúmọ́. Èèrà ń rìn ín lọ́rùn, òógùn ń kán sórí ìwé, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹyẹ náà dé, tó ń pọ èso ọ̀pọ̀tọ́ jáde lọ́fun rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, tí ṣóńṣó ẹnu kan sì ń yọ láti inú igi gbà á, ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kó má baà hó.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Bàbá Lagilagi, tó máa ń bá a jókòó nínú àtíbàbà náà, sọ̀rọ̀ kan. "Méjì ni wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọkọ àti ìyàwó."

"Rárá o. Ìyàwó wà nínú ilé. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá ni mò ń sọ. Méjì ni."

"Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kà sọ pé ọkọ nìkan ni, Bàbá."

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn, ṣé ó jókòó sí ìdí igi yìí?"

Alátojúbọ̀ rẹ́rìn-ín ọ̀wọ̀, ó gbé awò tó ń fa ohun ọ̀ọ́kán mọ́ra sójú, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bó ti ń tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ kà nídìí tábìlì, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìlà méjì. Ẹyẹ gbé ọ̀pọ̀tọ́ wá ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó tún gbé e wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, igi ọ̀pọ̀tọ́ tó sún mọ́ wọn jù wà ní òdìkejì odò lọ́hùn-ún, ẹyẹ kan ò lè lọ kó bọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta! Ó ṣí àwọn àwòrán ẹyẹ tó ti fọwọ́ yà. Nínú àwọn kan, etí ẹnu ẹyẹ náà ti kán díẹ̀. Nínú àwọn yòókù, ó pé. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé àìmọ̀ọ́yà òun ni.

Ó sáré jáde láìwọ bàtà, ó bá Bàbá Lagilagi níbi tó ti ń pọ́n àdá lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìyẹ́ wọn ni. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, ó máa ń dún bí ìgbà téèyàn ń gbọn aṣọ tútù. Ti èkejì dún bí aṣọ gbígbẹ. Ojú mi ò ríran bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, etí ni mo fi ń wò wọ́n."

Ṣùgbọ́n etí bàbá kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí yunifásítì. Alátojúbọ̀ gbọ́dọ̀ fi kámẹ́rà ya àwọn méjèèjì sínú àwòrán kan ṣoṣo. Òjò wá fi ọjọ́ márùn-ún rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Alátojúbọ̀ ń jókòó sínú rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé kámẹ́rà, kò wé ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, oòrùn yọ. Bàbá Lagilagi tẹ́tí, ó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Tútù ń bọ̀," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó tún... gbígbẹ náà ń bọ̀!"

Ọ̀kan bà lẹ́nu ihò, èkejì bà sórí ẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀tọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń dúró kó kàn án. Alátojúbọ̀ kánjú tẹ kámẹ́rà, àwòrán méjì àkọ́kọ́ sì dàrú. Ẹ̀kẹta mọ́ gaara. Bí àwọn ẹyẹ ṣe lọ tán, ó dì mọ́ bàbá, àwọn méjèèjì sì ń jó nínú ẹrẹ̀, tòun torúnkún dídùn.

Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n rí àwòrán náà, ó pè é lórí fóònù. Ó wá ní, "Ta ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí?"

"Èmi ni" ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu Alátojúbọ̀. Òun kúkú ló ya àwòrán. Òun ló jókòó sínú òjò.

"Bàbá Lagilagi ni, sà. Ó sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò gbà á gbọ́."

"A jẹ́ pé orúkọ ẹni méjì ló máa wà lórí iṣẹ́ yìí nìyẹn." Ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n ti yí padà, ó ń yára sọ̀rọ̀ bíi ti ọmọdé. "Ó dára! Ó dára gan-an! Ta wá ni ẹyẹ kejì yẹn?"

Bàbá Lagilagi gbọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà o, kí n lè rí i kà."

Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹrẹ̀ ẹnu ihò bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ láti inú. Ìyá Aránṣọ pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé, ó bá wọn lọ wò ó. Abo ẹyẹ náà fọ́ ògiri, ó yọ orí, ó yọ èjìká, ó wá já bọ́ sórí ẹ̀ka pẹ̀lú ìyẹ́ tó ti rún.

"Yéè! Aṣọ yẹn fẹ́ áyọ́ọ̀nù," ni Ìyá Aránṣọ wí, wọ́n sì fi ọwọ́ dí ẹnu ara wọn.

Ọmọ kan tẹ̀lé e, ó sanra, ẹnu yà á sí ayé. Ọkọ wà lápá ọ̀tún. Ẹyẹ kejì, tí ìwo orí rẹ̀ kò tíì ga, sún mọ́ ọmọ náà, ó sì fi èso sí i lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni," ni Bàbá Lagilagi wí. "Ọmọ èṣí ni."

Alátojúbọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọ "bóyá" síwájú rẹ̀. Ó wò ó títí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù fún un.

"Bàbá, ṣé igi yìí nìkan ni atíòro ń yé sí?"

"Mo mọ méje mìíràn. Ọ̀kan ò jìnnà."

"Ìgbà wo la lè lọ?"

Bàbá Lagilagi ti gbé ọ̀pá rẹ̀, ó ti ya ọ̀nà odò lọ.