Ìyá, Èló Lẹ Mú Wá?

Ẹ gbé ike ata yín kalẹ̀ ná, ẹ jókòó. Ẹ̀rọ mi ò lè lọ nǹkan kan lónìí, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ó ti kú láti ọjọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún yín, torí àyà mi ṣì ń já títí di báyìí.

Mo lá a pé mo lọ ra ẹ̀rọ ìlọta tuntun lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣówándé, ẹni tó ń tà á ní Ṣàgámù, tí mo ti sọ fún pé mò ń bọ̀ wá rà á. Owó àjọ tí mo kó, igba ẹgbẹ̀rún náírà, ni mo dì mọ́ etí ìró. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni mo fẹ́ fi rà. Owó ọkọ̀ tó máa gbé e wálé wà níbẹ̀, owó mẹkáníìkì tó máa dè é mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, owó epo náà wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá gbé gbogbo rẹ̀ mì, á kàn jókòó sí ìta mi bí àlejò ni, ẹ̀yin á sì gbé ata yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà lójú ọ̀run, ó ń léfòó. Kò tiẹ̀ yà mí lẹ́nu. Mo gun orí àpótí kan, mo ti débẹ̀. Mo kí Ọ̀gá Ṣówándé, mo bi í pé èló lẹ̀rọ. Ó ní, "Ìyá, èló lẹ mú wá?"

Ẹ̀rín pa mí. Ṣé èmi lèèyàn ń bi bẹ́ẹ̀? Ìyá tó bí mi ló kọ́ mi pé ẹni tó bá sọ iye tó wà lápò rẹ̀ fún ọlọ́jà ti ra ọjà náà ní ọ̀wọ́n tán. Mo ní, "Ẹ dá iye lé ọjà yín, kí n ná an."

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu mi tí nǹkan wúkọ́ létí ìró mi. Owó mi ni! Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Igba ẹgbẹ̀rún ni wá. A pé pérépéré."

Háà! Mo gbé! Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó gé mi jẹ. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà! Kí n tó ṣẹ́jú, ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ti fò dìde, ó ní, "Igba ẹgbẹ̀rún gan-an ni mí!" Bẹ́ẹ̀ àádóje ẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọ sí i láyà. Ojú mi báyìí ló ṣe ń pa á rẹ́.

Mo ní kò burú. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Mo kẹ́yìn sí ọjà, mo ń rọra lọ, mo ń retí kí wọ́n ní, "Ẹ padà wá, ẹ máa gbé e lọ." Mo rìn títí, ẹnikẹ́ni ò pè mí. Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀bù ló kẹ́yìn sí mi! Òun náà ń rọra lọ, ó ń retí kí n pè é. Orí mi wú. Èmi tí ọlọ́jà ti ń pè padà láti kékeré! Mo figbe ta, "Ẹ padà wá! Ẹ padà wá o!"

Ó padà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ṣówándé ti di òbúkọ, ó so táì mọ́rùn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gba ogóje." Ó ní, "Ìyá, ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Ló bá ki ẹnu bọ etí ìró mi, ó ń jẹ owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó tí mo fi oṣù mẹ́wàá dá, ẹ̀rín ló ń rín!

Igbe tí mo ké ló jí mi. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo sáré wo abẹ́ ìrọ̀rí, owó mi pé. Mo ní, "Olúwa, o ṣeun." Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ọkọ mi ní pálọ̀, tó ń fi fóònù mi sọ̀rọ̀.

"Ó ṣì ń sùn, Ọ̀gá Ṣówándé. Rárá o, kò sí wàhálà. Igba ẹgbẹ̀rún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó pé."

Mo bẹ́ jáde. "Bàbá Móróyìn! Kí lẹ sọ?"

Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní, "Wọ́n bi mí, mo sì dá wọn lóhùn. Oríire rẹ ni! Wọ́n ní iye tí ẹ̀rọ náà jẹ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn."